Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọmọ Òjòlá Tó Jáde Kí Ọjọ́ Rẹ̀ Tó Pé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba òjòlá aboyún sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa á lóko, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó dì í sínú àpò tó ń tà á lẹ́bàá títì. Wọ́n á fún un lómi, wọ́n á wá ibi tó pa rọ́rọ́ fún un, ìyá á sì yè. Àwọn ọmọ ló ń kú. Ìyá á yé ẹyin, ọmọ á la èèpo, á sì jáde pẹ̀lú pupa ẹyin tó ṣì ń wọ́ tẹ̀lé e láti ìdodo. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ó ti kú, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á sì ní ebi ló pa á. Ebi kọ́. Ara tó gbẹ ló sábà máa ń pa á, tàbí ọwọ́ ènìyàn tí kò jẹ́ kó sinmi. Oúnjẹ tí yóò jẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà nínú pupa ẹyin yẹn. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ jẹ́ kó lè fà á wọ inú.

Òjòlá tí mò ń sọ ni èyí kékeré tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Python regius. Ó wà ní Tógò, ní Olómìnira Benin àti ní Nàìjíríà, nínú pápá àti oko tí ihò eku pọ̀ sí. Ẹyin tó ń yé lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń wà láàárín 3 sí 11. Ọmọ tó gbó dáadáa máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 50 sí 80. Èyí tí kò gbó máa ń fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, awọ rẹ̀ á hunjọ, kò sì ní lè gbé orí sókè pẹ́.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ kó wọn jọ kí ọmọ àkọ́kọ́ tó yọ orí. Bó bá jẹ́ òru ló yọ ọ́, ẹ ò ní rí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí.

- Kúlà ńlá kan tó ní ọmọrí, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò.
- Abọ́ oníke kéékèèké tó ní ọmọrí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lu ihò wínníwínní mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
- Tẹ̀mómítà méjì. Bí ẹ bá rí èyí tó tún ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, ó dára jù.
- Sìkéèlì kékeré tó lè wọn gíráàmù kọ̀ọ̀kan.
- Tíṣù funfun tí kò ní òórùn, àti omi tó ti hó tó sì ti tutù.
- Ìbọ̀wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.
- Ìgò oníke mẹ́rin fún omi gbígbóná àti tówẹ́ẹ̀lì tí ẹ ó fi wé wọn, nítorí iná yóò lọ.
- Agolo mẹ́rin tí ẹ ó bu omi ọṣẹ sí, tí ẹ ó sì ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ̀. Èèrà àti ìjàlọ máa ń gbóòórùn pupa ẹyin láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì lè jẹ ọmọ náà tán láàyè kí ilẹ̀ tó mọ́.
- Nọ́ńbà dókítà ẹranko. Bí ẹ bá wà nítòsí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìtọ́jú ẹranko, wọ́n sì ní ọgbà ẹranko. Ẹ béèrè níbẹ̀ ṣáájú.

Ẹ gbé spirit, Dettol, àgbo, ọṣẹ dúdú, epo, iyanrìn àti lẹ́búlẹ́bú igi kúrò níbẹ̀. Kò sí èyí tó wúlò fún ọmọ òjòlá nínú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì lè pa á.

Ìpele 1: Ẹ rí i dájú pé òjòlá ni

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí ìpele yìí. Ẹyin ni òjòlá ń yé. Bí ejò tí ẹ gbà sílẹ̀ bá bí ọmọ láàyè, kì í ṣe òjòlá. Nílẹ̀ wa, ejò kíki tó ń bí ọmọ láàyè ni àwọn olóró ìdílé Bitis, tí à ń pè ní paramọ́lẹ̀ tàbí ọká. Oró wà lẹ́nu ọmọ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi igi gbé e, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá náà, kí ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹyin nìkan kò sì tó ẹ̀rí, nítorí ṣèbé náà ń yé ẹyin. Ìyá ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Awọ òjòlá ń dán, kò rí ṣákaṣàka bíi ti paramọ́lẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ihò kéékèèké sì tò sí ètè òkè rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ki orí bọ àárín ara rẹ̀ tó ká. Ẹ má sún mọ́ ọn láti wo ihò ètè yẹn o. Ẹ ya fọ́tò láti òkèèrè, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko. Bí ẹyin bá tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìyá sì gùn ju ènìyàn lọ, erè nìyẹn. Erè tó ń ṣọ́ ẹyin lè ṣe ènìyàn léṣe gan-an, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹranko ìgbẹ́.

Bí ejò tí ẹ kò dá mọ̀ bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ilé ìwòsàn lẹ̀ ń lọ tààrà. Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa ojú ibẹ̀, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin.

Àyẹ̀wò: ẹni tó mọ ejò dunjú ti rí fọ́tò ìyá, ó sì ti sọ pé òjòlá ni. Bí ìyẹn kò bá tíì ṣẹlẹ̀, ẹ má lọ sí ìpele kejì.

Ìpele 2: Ẹyin

Bí ìyá bá ká mọ́ ẹyin rẹ̀ tó sì farabalẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà jù wá lọ. Kò ní jẹun títí ẹyin yóò fi là, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ẹ ṣáà gbé omi sí tòsí rẹ̀. Bó bá kọ ẹyin sílẹ̀, tàbí tó farapa débi pé kò lè ká mọ́ wọn mọ́, nígbà náà ni kí ẹ gbà wọ́n.

A kì í yí ẹyin òjòlá bí adìẹ ṣe ń yí tirẹ̀. Kí ẹ tó gbé ọ̀kankan, ẹ fi pẹ́ńsù fà ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sí òkè rẹ̀, kí òkè yẹn sì wà lókè títí tí yóò fi là. Bó bá yí lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ inú rẹ̀ lè rì sínú omi ẹyin. Ẹyin tó lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ má fà wọ́n ya.

Ẹ bu omi sí ìsàlẹ̀ kúlà, kó ga tó ìka méjì. Ẹ gbé nǹkan oníhò lé orí omi náà, irú ike tí wọ́n fi ń sẹ́ àwo, kí ẹyin jókòó lé e láìkan omi. Ìgbóná inú kúlà kò gbọdọ̀ kúrò láàárín dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì 31 sí 32. Bí iná bá lọ, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé ìgò omi gbígbóná méjì kí ẹ sì tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má fara kan ẹyin. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ṣí ọmọrí kí ẹ fi ọwọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun sí i. Bó bá ń lọ dáadáa, nǹkan bí ọjọ́ 55 sí 60 ni yóò gbà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni oòrùn. Wọ́n á gbé kúlà sí fàráńdà kó lè gbóná. Láàárín wákàtí kan, inú rẹ̀ ti kọjá 40, ẹyin ti sè. Kódà bí kò bá ju 35 lọ, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ lè kú sínú ẹyin tàbí kó jáde pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn tó wọ́.

Àyẹ̀wò: lálẹ́, ẹ pa iná yàrá kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin láìgbé e. Iṣan pupa wínníwínní tó ya kiri túmọ̀ sí pé ọmọ ń bẹ láàyè. Èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìní iṣan kankan, tó sì ti ń bu, kò ní ọmọ. Bí ẹyin bá tẹ̀ wọnú ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, inú kúlà ti gbẹ jù. Bó bá jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ló tẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìpele 3: Nígbà tí ọmọ bá la èèpo

Eyín kékeré kan wà níwájú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè ọmọ tó fi ń la èèpo. Á yọ imú, á mí, á padà wọlé, á tún yọ ọ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48. Ní gbogbo wákàtí yẹn, pupa ẹyin ló ń fà wọ inú.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò gbó ti ń wá. Ọjọ́ wọn kù díẹ̀ kó pé. Ènìyàn ló fà wọ́n jáde, tàbí tó ń ṣí kúlà lemọ́lemọ́ láti fi han àwọn ará ilé, tí ẹ̀rù sì lé ọmọ jáde tòun ti pupa ẹyin. Ẹ pa kúlà dé. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lálẹ́, ó tó.

Bí gbogbo àwọn yòókù bá ti yọ orí, tí ẹyin kan kò sì tíì là lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ lè fi sísọ́ọ̀sì kékeré tí ẹ ti sè nínú omi ṣí ojú fèrèsé kan sí òkè ibi tí ẹ fà ìlà sí, kó má ju ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá ibi tí iṣan kò sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀ kó jáde fúnra rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ọmọ tó ti jáde ń rìn, inú èèpo tó fi sílẹ̀ kò ní ju ìwọ̀nba omi lọ, ojú ìdodo rẹ̀ sì ti ń pa dé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò ìpele kẹrin, ẹ mú un lọ sí ìkarùn-ún.

Ìpele 4: Ọmọ tí pupa ẹyin ṣì wà lára rẹ̀

Ẹ fọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ wo irú èyí tó jẹ́.

Bí ọmọ bá ti yọ ara jáde ṣùgbọ́n tí pupa ẹyin ṣì wà nínú èèpo, ẹ má yọ ọ́. Ẹ gbé ọmọ àti èèpo lápapọ̀ sínú abọ́ kékeré tí ẹ ti tẹ́ tíṣù tútù sí, kí èèpo náà wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ lè tún padà wọ inú rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Bí èèpo bá ti kúrò, tí àpò pupa ẹyin sì ń wọ́ nílẹ̀, abọ́ kékeré gan-an ni kí ẹ lò, èyí tí ọmọ náà máa fi ara kún nígbà tó bá ká. Àyè tó fẹ̀ á jẹ́ kó máa rìn, bó bá sì ń rìn, á fa àpò náà ya. Ẹ tẹ́ tíṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ti rẹ sínú omi tó ti hó tó tutù, tí ẹ sì ti fún dáadáa. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ó tutù, ṣùgbọ́n kí omi má ṣàn. Ẹ gbé ọmọ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ọwọ́ kan gbé ara rẹ̀, kí èkejì gbé àpò náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àpò náà rọ̀ dirodiro láti ìdodo rẹ̀. Ẹ da tíṣù tútù kan bò ó, ẹ pa abọ́ dé, kí ẹ sì gbé e padà sínú kúlà náà, níbi tó ṣókùnkùn, ní dígírì 30 sí 31.

Ohun tó kù ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ibí ló nira jù, nítorí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹranko kì í fẹ́ dúró jẹ́. Ẹ pààrọ̀ tíṣù lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí ẹ sì wo àpò náà bí ẹ ṣe ń ṣe é. Kó máa kéré sí i lójoojúmọ́ ni ẹ ń retí. Nǹkan bí ọjọ́ méjì sí márùn-ún ni yóò fi wọlé tán, tàbí kí ìyókù rẹ̀ gbẹ bí okùn tín-ín-rín kó sì já bọ́ fúnra rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń pa ọmọ jù ní ìpele yìí:

*Gígé.* Ẹni tó bá rí okùn ìdodo á rántí ọmọ ènìyàn, á sì fẹ́ fi òwú dì í kó gé e. Nínú àpò yẹn ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ wà. Ẹ má gé e, ẹ má dì í, ẹ má tì í wọ inú pẹ̀lú ìka.

*Lílẹ̀ mọ́ tíṣù.* Bí abọ́ bá gbẹ, àpò á lẹ̀, ọmọ á sì fà á ya nígbà tó bá rìn. Bó bá ti lẹ̀, ẹ kán omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi tú. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ní sùúrù fún un.

*Omi tó pọ̀ jù.* Tíṣù tó ń ṣàn fún omi á jẹ́ kí awọ ikùn rẹ̀ yọ ìléròrò, kòkòrò àìfojúrí á sì gba ìdodo wọlé.

Bí àpò bá bẹ́, bó bá yí sí àwọ̀ ewé tàbí dúdú, bó bá ń rùn, tàbí bí ibi ìdodo bá wú tó sì le, dókítà ẹranko ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tí yóò bá a mu, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni dókítà máa fi ṣírò rẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn ènìyàn, bó ti wù kó kéré tó.

Àyẹ̀wò: àpò ti lọ, ojú ìdodo ti di ìlà tín-ín-rín tó gbẹ, ikùn rọ̀ ṣùgbọ́n ó kún díẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rọra yí i dojú délẹ̀, ó yẹ kó yí ara padà. Bí kò bá lè yí padà, ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ méjì sí i nínú abọ́ kékeré náà.

Ìpele 5: Ilé rẹ̀ àti awọ àkọ́kọ́

Ọmọ kan, abọ́ kan. Àwọn ọmọ tí ẹ kó pọ̀ máa ń gun ara wọn, ẹ kò sì ní mọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Abọ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 tó. Tíṣù ni kí ẹ tẹ́. Ẹ gbé páálí kékeré tí ẹ gé ilẹ̀kùn sí fún un láti sá pamọ́ sí, àti ìdérí ìgò omi tó fẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan abọ́ náà kó wà ní 31 sí 32, ẹ̀gbẹ́ kejì ní 26 sí 27, kí ọmọ lè yan èyí tó wù ú. Ẹ de ọmọrí dáadáa. Ihò tí orí rẹ̀ bá ti lè kọjá, gbogbo ara rẹ̀ yóò kọjá.

Bí ara rẹ̀ bá hunjọ tàbí tí ojú rẹ̀ wọnú, omi ló nílò. Ẹ fi sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò ju ìdajì gíga ara rẹ̀ lọ, fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó rẹ̀ lè kú sínú omi tí kò jìn.

Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tó jáde, ojú rẹ̀ á funfun bí wàrà, á tún mọ́, lẹ́yìn náà á bọ́ awọ. Ẹ má fún un lóúnjẹ ṣáájú ìgbà yẹn. Bí awọ bá kù sí ojú tàbí ìdí ìrù, ẹ pààrọ̀ tíṣù sí tútù fún ọjọ́ kan. Ẹ má fi èékánná bó o.

Àyẹ̀wò: awọ tó bọ́ pé láti imú dé ìrù. Ẹ wá awọ tó bo ojú méjèèjì lórí rẹ̀.

Ìpele 6: Oúnjẹ àkọ́kọ́

Ọmọ eku funfun tí wọ́n ń sìn ni kí ẹ wá, kì í ṣe èkúté ilé, nítorí èkúté ilé lè ti jẹ májèlé. Oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ọmọ òjòlá lọ fún ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́: ọmọ tó wọn gíráàmù 40, eku gíráàmù 4. Ẹ fún un lálẹ́, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Bí kò bá jẹ ẹ́ láàárín wákàtí kan, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún gbìyànjú lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7. Ẹ má fi eku tó ti la ojú tó sì ní eyín sun mọ́jú pẹ̀lú rẹ̀. Eku lè jẹ ejò.

Òjòlá máa ń kọ oúnjẹ, kì í ṣe ọ̀ràn ìbẹ̀rù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó yẹ kó dáni níjì ni sìkéèlì. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń jò wálẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Kí ẹ má ya ẹnu rẹ̀ fúnra yín, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kéré gan-an, ó sì máa ń tètè dá. Lẹ́yìn tó bá jẹun, ẹ má gbé e fún ọjọ́ méjì. Bó bá bì í, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbóná abọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ dúró ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán kí ẹ tó fún un ní èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ejò tàbí abọ́ rẹ̀. Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, lè wà lára ejò tó dá pé, àwọn ọmọdé kékeré ló sì ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù. Ẹ má fọ abọ́ wọn níbi tí ẹ ti ń fọ àwo.

Àyẹ̀wò: ó jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta láìbì í, ó yàgbẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń gòkè.

Ìpele 7: Dídá wọn padà

Òjòlá yìí wà lára ẹranko tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, ń ṣọ́ òwò wọn, nítorí náà ẹ má tà á, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ kàn sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó igbó àti ẹranko ìgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó dá ọ̀kankan padà. Ibi tí ẹ ti rí ìyá ni kí wọ́n lọ, tàbí tòsí rẹ̀ níbi tí ihò àti eku wà, lásìkò òjò, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀. Ìyá náà lè ṣáájú wọn lọ bó bá ti mu omi tó sì ti jẹun. Ẹ yẹ abẹ́ ìpẹ́ rẹ̀ wò fún eégbọn, kí ẹ sì fi ẹ̀mú yọ wọ́n.

Ẹ bá àwọn àgbẹ̀ àdúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ní Ouidah, ní Olómìnira Benin, bí òjòlá yìí bá wọ ilé ènìyàn, wọ́n á gbé e jẹ́jẹ́ padà, nítorí àwọn tó ń bọ ọ́ níbẹ̀ pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, àdá ló máa kọ́kọ́ rí. Ẹ sọ fún àgbẹ̀ pé kò lóró, pé eku tó ń jẹ àgbàdo rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì fi fọ́tò rẹ̀ hàn án kó lè dá a mọ̀. Bó bá kọ̀, ẹ wá oko ẹlòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ tú wọn sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, sẹ́nu ihò tàbí abẹ́ òkìtì ewé. Ẹ ṣí abọ́, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè jáde fúnra rẹ̀. Ẹ padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti kó abọ́ yín.